Alpinkatzen: Ẹgbẹ́ Olórin Tó Tú Ká Nígbà Tí Ọjà Rẹ̀ Ń Tà

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin onífẹ̀ẹ́ orin gbogbo. Bí mo ṣe ń wọlé bọ̀ báyìí, ẹnì kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun gbọ́ pé orin Áústríà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣé ibi tí kangarú wà nìyẹn? Rárá o. Ọsirélíà nìyẹn. Áústríà tèmi yìí, àárín gbùngbùn Yúróòpù ló wà. Jámánì wà ní àríwá rẹ̀, Ítálì wà ní gúúsù, Vienna ni olú-ìlú rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kò ju Mozart lọ, àti Kurt Waldheim tó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1972 di 1981. Ẹ jẹ́ ká fi Mozart sílẹ̀ lálẹ́ òní. Waldheim ní tirẹ̀, ẹ fi í sápò, a ó tún kàn án.

Ẹgbẹ́ tí mo mú wá fún yín ń jẹ́ Hubert von Goisern und die Alpinkatzen. Alpinkatzen ni n ó máa pè wọ́n kí ahọ́n wa lè sinmi. Ológbò orí òkè Alps ni wọ́n pe ara wọn. Ní 1992 ni ariwo wọn sọ gbogbo Áústríà, ó sì dé Jámánì. Nígbà tí 1994 fi máa parí, ẹgbẹ́ ti tú. Kò sẹ́ni tó lé wọn kúrò lórí ìtàgé, ọjà wọn kò sì kùtà. Ìgbà tí èrò pọ̀ jù ni ọ̀gá wọn ní ó tó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé ìkà kan náà tí ọkùnrin yìí fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló fi tú u. Mo ní ìkà, mo mọ ohun tí mo sọ. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Hubert Achleitner ni orúkọ tí wọ́n fi mọ Hubert von Goisern, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, nílé. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1952 ní Bad Goisern, ìlú kékeré kan tí òkè yí ká ní agbègbè Salzkammergut. Iyọ̀ ló sọ agbègbè yẹn di ọlọ́rọ̀ láyé àtijọ́. Nínú òkè Hallstatt tó wà nítòsí ibẹ̀, àwọn èèyàn ti ń wa iyọ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú kí a tó bí Jésù. Àwọn ará Goisern pàápàá lórí kunkun. Nígbà tí àwọn ọba Kátólíìkì ń fi ipá mú àwọn ọmọlẹ́yìn Luther nílẹ̀ Áústríà, tí wọ́n ń lé wọn nílé lóko, ọ̀pọ̀ ará Goisern ń ka Bíbélì wọn ní ìkọ̀kọ̀ ni. Títí di òní, ìjọ Luther lágbára níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lórílẹ̀-èdè náà lọ.

Láàárín ọdún mẹ́ta, ìlú kékeré yìí bí ọmọkùnrin mẹ́ta tí gbogbo Áústríà wá mọ̀ bí ẹní mowó. Jörg Haider ni àkọ́kọ́, wọ́n bí i ní oṣù kìíní 1950. Òun ló di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú FPÖ ní 1986, tó ń fi ọ̀rọ̀ àwa-onílẹ̀-àwọn-àlejò kó ìbò jọ, tí jàm̀bá ọkọ̀ sì pa ní 2008. Wilfried Scheutz ni ìkejì, wọ́n bí i ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Olórin ni. Ní 1973, ó fi gìtá oníná kọ orin ìbílẹ̀ kan, ó sì gbòde. Ọdún 1988 ló lọ ṣojú Áústríà níbi ìdíje Eurovision ní Dublin. Máàkì tó gbà? Òdo. Òdo gbáko. Hubert ni ìkẹta.

Ẹ má gbàgbé Haider o. Àti òun àti Hubert, omi kan náà ni wọ́n mu dàgbà, orin kan náà ni wọ́n gbọ́ ní ọjọ́ àríyá. Ohun tí kálukú wọn fi ogún náà ṣe ló yàtọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí a gbọ́dọ̀ dáhùn ká tó lè mọ ohun tí Alpinkatzen ṣe. Kí ló dé tí ọmọ Áústríà tó kàwé, tó ń gbé ìlú ńlá, fi ń tijú orin ìbílẹ̀ rẹ̀ láwọn ọdún 1970 àti 1980? Kì í ṣe pé orin náà kò dùn. Orin wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ: ijó Landler tó ń yí po ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, Gstanzl, ewì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń bú ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, àtẹ́wọ́ alárà tí àwọn ọkùnrin ń pa lu ara wọn, àti jodel. Jodel yìí kò ní ọ̀rọ̀. Ohùn ló ń fò láti àyà lọ sí orí, tó tún ń já padà, tí ẹni tó wà ní òkè kejì á sì gbọ́. Ẹni tó bá ń da màlúù lórí òkè ló kọ́kọ́ nílò irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n jí orin yìí gbé, ẹ̀ẹ̀mejì.

Àkọ́kọ́, àwọn Násì jí i. Hitler fúnra rẹ̀, ọmọ Áústríà ni, Braunau ni wọ́n bí i sí, ní ìpínlẹ̀ kan náà tí Goisern wà. Ní oṣù kẹta 1938 ló gba orílẹ̀-èdè náà mọ́ Jámánì. Àwọn Násì fẹ́ràn ohun ìbílẹ̀ bí ojú. Aṣọ òkè, ijó òkè, orin òkè, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ di àmì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kò lábùlà. Kí ọdún náà tó dé ìdajì, àwọn ọlọ́pàá Salzburg ti fi òfin de àwọn Júù pé wọn kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ mọ́: ṣòkòtò awọ, kaba dirndl, fìlà, kò sí èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi gbogbo ọkàn ṣa orin agbègbè Salzkammergut jọ, Júù ni. Konrad Mautner, ọmọ oníléeṣẹ́ aṣọ ní Vienna. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn òbí rẹ̀ máa ń kó wọn wá sí etí adágún Grundlsee, ni ọmọ bá sọ ara rẹ̀ di ará abúlé Gössl. Ó ń bá àwọn àgbẹ̀ jókòó nílé ọtí, ó ń kọ orin wọn sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìsọkúsọ inú rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1910. Ikú mú un ní 1924, kò rí ọdún 1938. Orin tó kó jọ yè é. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá ń fi irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe fọ́ńté kò ní í jẹ́ kó bá wọn jókòó.

Lẹ́yìn ogun, Áústríà sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí Hitler kọ́kọ́ ṣe níkà ni òun. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹní. Ìgbà tí Waldheim jáde dupò ààrẹ ní 1986 ni ẹní ká. Ó hàn pé ó ti gé apá kan kúrò nínú ìtàn ayé rẹ̀: ibi tó ti ṣe ọmọ ogun lábẹ́ Jámánì ní ilẹ̀ Balkan. Àwọn èèyàn dìbò fún un náà, ó wọlé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè wọn. Ilé pín sí méjì ní Áústríà. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi bàbá wọn pé, ẹ̀yin náà ńkọ́, níbo lẹ wà nígbà yẹn? Ọdún 1986 yìí kan náà ni Haider gba FPÖ. Bí o bá gbé àkọ́díọ́nù kọ́rùn lásìkò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òtítọ́ á ti máa wò ọ́ tìfura-tìfura.

Ìkejì, tẹlifíṣọ̀n jí i. Láti 1981 ni ètò kan tó ń jẹ́ Musikantenstadl ti ń jáde, Karl Moik ló ń darí rẹ̀. Ilé ńlá tí wọ́n ṣe bí abà, òdòdó, ẹ̀rín, aṣọ tó ń dán gbinrin, orin tí kò ní kòkó kankan nínú. Tọkùnrin-tobìnrin tó ń wò ó ní Áústríà, Jámánì àti Switzerland kò lóǹkà. Mi ò ní í bú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá àgbà tó dá wà nílé lálẹ́ Sátidé náà ní ẹ̀tọ́ sí ìdùnnú. Àmọ́ oró tó wà nínú Gstanzl kò sí níbẹ̀, òórùn màlúù kò sí níbẹ̀, àgbẹ̀ tí gbèsè ń dà láàmú kò sí níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn nígbà tí Hubert padà délé. Ó ti rìn jìnnà. Nígbà ọmọdé, ó ń fun tìróńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè ìlú, títí tí òun àti ọ̀gá afọnfèrè fi jà lórí irun orí rẹ̀ tó gùn àti orin tí wọ́n ń yàn, ni wọ́n bá gba tìróńpẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó gbé ní South Africa, ó gbé ní Kánádà, ó dé Philippines. Ó wá lọ kọ́ orin ní Vienna. Bàbá àgbà rẹ̀ sì ti fi àkọ́díọ́nù kan sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí àkọ́díọ́nù yìí, torí ó kàn wá. Vienna náà ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wọ ìwé ìjọba. Cyrill Demian, tó ń ṣe ohun èlò orin níbẹ̀, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1829. Èyí tí àwọn ará òkè ń lò, Steirische ni wọ́n ń pè é, bọ́tìnnì ló ní, kò ní eyín bíi ti dùùrù. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì kan tí o ti ẹ̀rọ náà wọlé, ohùn kan ló máa dún; tí o bá fà á síta láì gbé ìka, ohùn mìíràn ni. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ máa mí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Irú àkọ́díọ́nù títì-fífà yìí ni I. K. Dairo gbé wọ inú jùjú, tó fi yí adùn rẹ̀ padà, kí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ọmọ kan sọ fún mi pé àkọ́díọ́nù ti wà nínú orin Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó di tiwa ni, ọmọ mi. A kò bí i níbí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Goisern. Hubert àti Wolfgang Staribacher ló kọ́kọ́ dá Alpinkatzen sílẹ̀ láwọn ọdún 1980, àwọn méjèèjì. Ní 1988, àwo àkọ́kọ́ wọn jáde, Alpine Lawine, ìyẹn ni pé òjò dídì tó ya lulẹ̀ láti orí òkè. Òjò dídì náà kò ya lu ẹnikẹ́ni. Àwo náà kò tà. Kò pẹ́ tí Hubert àti Staribacher fi pínyà, Hubert sì gbé orúkọ ẹgbẹ́ dání lọ. Ẹ sàmì sí ibẹ̀ yẹn. Ìtúká àkọ́kọ́ nìyẹn, ariwo kankan kò tíì sọ nígbà náà.

Ó tún ẹgbẹ́ kó jọ. Reinhard Stranzinger wà ní gìtá, Wolfgang Maier wà nídìí ìlù, Stefan Engel wà ní kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó sọ ẹgbẹ́ náà di ohun tó dà ni Sabine Kapfinger, ọmọdébìnrin láti Zillertal ní ìpínlẹ̀ Tyrol. Kò tíì pé ogún ọdún. Alpine Sabine ni wọ́n ń pè é lórí ìtàgé. Ọmọ yẹn mọ jodel kọ! Jodel tirẹ̀ kò jọ ti tẹlifíṣọ̀n. Ó le, ó mú, ó ń gún ni. Tó bá ti gbé ohùn sókè, gìtá oníná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dà bí ohun tó ń tọrọ àforíjì.

Ní 1992, àwo wọn kejì jáde, Aufgeigen stått niederschiassen. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní tiwa, ẹ jẹ́ ká lu orin dípò kí á yìnbọn paniyan. Ẹ rántí pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yugoslavia, ìlẹ̀kùn kejì sí ilé Áústríà, àwọn tó ń sá ogun sì ń wọlé. Orúkọ àwo náà kì í ṣe eré.

Orin tó gbé wọn jáde nínú rẹ̀ ni Koa Hiatamadl. (Níbí ni mo tan orin náà fún àwọn tó wà nínú gbọ̀ngán, ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ wá a gbọ́ kí ẹ tó máa bá a lọ.) Orin ijó àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ṣàròyé pé òun kò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń da ẹran, nítorí ojúgun rẹ̀ kò sanra tó. Ti ìlú ńlá, tí ojúgun rẹ̀ sanra, ni òun fẹ́. Ọ̀rọ̀ àwàdà lásán. Gbogbo ọmọ Áústríà ló mọ̀ ọ́n láti kékeré, wọ́n sì ti ń kọ ọ́ níbi àríyá títí ó fi sú wọn. Hubert mú un, ó fi ìlù rọ́ọ̀kì tó wúwo sí i nídìí, ó fi gìtá bíi ti orin blues sí i lára, ó wá ń kọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìṣísẹ̀ méjì-méjì ni ijó yẹn ní, kò rí bíi Landler, ìdí nìyẹn tó fi wọ inú rọ́ọ̀kì wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó Landler onímẹ́ta wọ inú rọ́ọ̀kì onímẹ́rin, ojú rẹ̀ á rí tó. Ọgbọ́n inú yíyàn yẹn, ó wù mí ju gbogbo gìtá tó wà lórí rẹ̀ lọ.

Orin kejì tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kò pariwo rárá. Heast as nit. Ó ń béèrè pé ṣé o kò gbọ́ bí àkókò ṣe ń lọ ni? Àwọn ọmọdé ti dàgbà, àwọn àgbà ti kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn, jodel gba ipò, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Orin tó wà nínú àwo kan náà pẹ̀lú ojúgun sísanra ni o. Ẹni tó wá jó, tó wá mu bíà, ó di dandan kó dúró kó gbọ́ ti ikú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjà òṣèlú gbóná jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993, Haider ní kí àwọn ará ìlú wá fọwọ́ sí ìwé kan tó pè ní Áústríà Lákọ̀ọ́kọ́, láti fi dènà àwọn àlejò. Ṣáájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kìíní, àwọn tó lé ní 200,000 tan àbẹ́là ní Heldenplatz ní Vienna láti sọ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Heldenplatz yìí náà ni Hitler ti bá èrò sọ̀rọ̀ ní 1938. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé Haider lé ní 400,000. Òun fúnra rẹ̀ retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, Hubert, ọmọ Goisern bíi ti Haider, ń gbé àkọ́díọ́nù káàkiri, ó ń wọ ṣòkòtò awọ, àwọn ọ̀dọ́ tó tan àbẹ́là sì ń jó sí i. Ẹ ò rí i? Ohun tí wọ́n ti sọ di ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan, òun fi ariwo gbà á padà. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin òkè kò tún ní láti bá Haider lọ kí ó tó kọ ọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é. Ní Linz, àwọn méjì kan tó ń jẹ́ Attwenger, Markus Binder nídìí ìlù, Hans-Peter Falkner nídìí àkọ́díọ́nù, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Tiwọn tún le ju ti Alpinkatzen lọ: Gstanzl tí wọ́n dà lu ara wọn títí tó fi dà bíi pọ́ńkì, ìyẹn rọ́ọ̀kì aláriwo. Bí ẹ bá bi mí léèrè, Attwenger ló gbọ́n jù nínú orin, Alpinkatzen ló mọ ọ̀nà ọkàn èèyàn. Attwenger kò lè kún pápá ìṣeré. Alpinkatzen lè kún un, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwo kẹta, Omunduntn, jáde ní 1994. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èrò ń pọ̀ sí i. Orin Hiatamadl ti wọ àgọ́ ọtí bíà, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣeré níbi àríyá ń kọ ọ́, àwọn tó fẹ́ràn abà tẹlifíṣọ̀n náà ń jó o láì bìkítà pé àwọn ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tó jáde láti gba orin lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n wá rí i pé orin tòun fúnra rẹ̀ ti ń padà síbẹ̀. Alaalẹ́ ni èrò ń kígbe orin kan náà. Ó dà bí ọmọ tó sá kúrò nílé nítorí bàbá rẹ̀ ń mutí, tó wá la ilé ọtí, tí bàbá sì di oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ọdún yẹn ni Hubert ní ó parí. Wọ́n ṣe ìrìn-àjò ìkẹyìn, wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀, àwo onímejì tó ti inú rẹ̀ jáde ní 1995 ń jẹ́ Wia die Zeit vergeht, ìyẹn bí àkókò ṣe ń lọ. Inú Heast as nit ni wọ́n ti fa orúkọ yẹn yọ.

Mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ìkà ni, àsìkò tó kí n ṣàlàyé. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Hubert máa ń sọ ìtúká yìí bí ìtàn akíkanjú: ọkùnrin tó kọ owó, tó kọ òkìkí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣe ẹnì kan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "àti" nínú orúkọ yẹn, èèyàn wà níbẹ̀. Onílù wà níbẹ̀, onígìtá wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ogún ọdún, tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ ohùn rẹ̀, wà níbẹ̀. Orúkọ Hubert ló ṣáájú, òun ló kọ ọ̀pọ̀ orin, òun ló sì sọ pé ó tó. Sabine padà wá lo orúkọ Zabine, ó ń kọ orin tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Àmọ́ irú àwùjọ èrò tí wọ́n ní ní 1994, kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé ó yẹ kó má tú ẹgbẹ́ ká nítorí tiwọn? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìwà kan náà tó mú kí ó bá ọ̀gá afọnfèrè jà, tó mú kí ó pínyà pẹ̀lú Staribacher, tó mú kí ó kọ abà tẹlifíṣọ̀n, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ní 1994. Ẹni tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dì í mú, kò lè gbà kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ dì í mú. Bí kò bá ní ìwà yẹn, kò ní sí Alpinkatzen. Nítorí pé ó ní i, Alpinkatzen kò lè pẹ́. Ẹ má retí pé kí n yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún yín.

Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó kọ orin fún fíìmù. Ó lọ sí Gombe ní Tanzania, níbi tí Jane Goodall ti ń ṣèwádìí lórí àwọn ìnàkí. Ó bá àwọn olórin Tibet ṣiṣẹ́. Àwo méjì ló ti inú èyí jáde ní 1998, Gombe àti Inexil, kò sì sí ojúgun sísanra nínú èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn tó ń retí Hiatamadl kejì bínú gan-an. Ní 2000 ni ó tó padà sórí orin ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwo kan tó ń jẹ́ Trad, àwọn orin àtijọ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún wọn níbẹ̀. Láti 2007 di 2009, ó gbé ìtàgé sórí ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń wa odò Danube lọ sí ìlà-oòrùn títí dé agbègbè Òkun Dúdú, lẹ́yìn náà ó gba ìwọ̀-oòrùn, àwọn olórin ilẹ̀ tí ọkọ̀ bá dé á sì gun orí rẹ̀ bá a ṣeré. Ní 2011, nígbà tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, orin rẹ̀ Brenna tuats guat dé ipò kìíní ní Áústríà. Orin ìbínú ni, nípa àwọn tó ń fi owó àti oúnjẹ dáná. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà Hiatamadl ló ń kọ ọ́.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, alága ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Bàbá kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngán ní òun kò gbà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá tú ká, owó ló tú u, kí n má fi ọgbọ́n orí bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Mo ní, bàbá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ yín máa ń rí bẹ́ẹ̀, àwa tó mọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ jùjú wa kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ owó ní 1994, ohun tó máa ṣe ni kó tún Hiatamadl kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, kó sì jókòó sí àgọ́ bíà. Tibet kọ́ ni èèyàn ń lọ nígbà tó bá ń wá owó. Bàbá náà mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà tàbí ó ti rẹ̀ wọ́n.

Arábìnrin kan wá béèrè ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀ bí òun bá fẹ́ gbọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti Hiatamadl, nítorí wọ́n á rò pé wọ́n ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ Heast as nit inú àwo 1992, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbọ́ ọ nínú àwo onímejì 1995, níbi tí èrò wà. Kí wọ́n wá gbọ́ Trad, láti mọ bí orin ilẹ̀ yẹn ṣe rí tí kò sí ariwo rọ́ọ̀kì lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn tán, Hiatamadl lè dé, kí wọ́n sì jó.